Iná Pupa Ara Rédíò Bàbá Mi

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní abúlé wa lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, kó tó rí ilé kankan. Ibẹ̀ ni mo gbé rédíò tuntun lọ fún bàbá mi lọ́dún tí mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ gidi. Sípíkà méjì ló ní, iná pupa kékeré kan sì máa ń tàn lójú rẹ̀ tó bá ti ń gba sitẹ́ríò, ìyẹn tí sípíkà kọ̀ọ̀kan bá ń sọ ohùn tirẹ̀. Mo fẹ́ràn iná yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó yà kí wa tí n kò fi hàn.

Àmọ́ ohùn tó ń dé abúlé wa kò lágbára. Ariwo a máa hó mọ́ ọ̀rọ̀ bí epo tí wọ́n fi ń dín àkàrà. Mo fa irin tó fi ń gba ohùn gùn, mo gbé e sójú fèrèsé, òfo. Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Kò tilẹ̀ tú u. Ó tẹ bọ́tìnì kan lẹ́yìn rẹ̀, iná pupa kú, ariwo náà sì rọlẹ̀.

"Mónò ni mo fi sí," ó ní. "Sitẹ́ríò ń fẹ́ agbára, tọ̀dọ̀ yín ò sì tó. Sípíkà méjèèjì á ṣì máa sọ̀rọ̀, ohùn kan náà ni wọ́n á jọ máa sọ."

Agídí ò jẹ́ kí n gbọ́. Lójú tèmi, ó fẹ́ sọ rédíò ńlá mi di yẹpẹrẹ. Mo délé, mo dá a padà sí sitẹ́ríò, mo ní, "Bàbá, ẹ má tẹ bọ́tìnì yìí o. Ẹ jẹ́ kí iná yẹn máa tàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti dáa.

Ìkéde òkú ni bàbá mi ń fi rédíò náà gbọ́ jù, bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ dáko fún ọ̀pọ̀ ọdún kí baba náà tó kó lọ sí Ọlọ́runṣògo. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tó bá kẹ́yìn ni yóò bu iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè ẹnì kejì.

Láàárọ̀ Sátidé kan tí mo wá kí wọn, a gbọ́ orúkọ baba náà. A gbọ́ "aago méjì ọ̀sán". Ibi tí wọ́n ti fẹ́ sin ín, ariwo gbé e mì. Bàbá mi fetí lé sípíkà, ṣùgbọ́n wọn kò tún un kà. Mo pe fóònù baba náà, kò lọ. "Ọlọ́runṣògo náà ni yóò jẹ́," ni bàbá mi wí. Wọ́n wọ jálámíà funfun, a jáde.

Ilé baba náà dá wáí. Ìyá kan tó ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ káàánú wa. "Háà, Alájì, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Abúlé wọn ni wọ́n gbé wọn lọ, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ṣáṣá."

Nígbà tí a fi máa débẹ̀, ààfáà ti ṣàdúrà tán, wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ sàréè náà pẹrẹsẹ, àwọn èèyàn ń fọwọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan. Kò síbi tí wọ́n máa dà á sí mọ́. Wọ́n dì í mọ́wọ́ títí, wọ́n wá rọra dà á sẹ́bàá ẹsẹ̀ ara wọn.

A délé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún mi. Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Ì bá tù mí lára.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Tó o bá ti lọ, mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó o bá wà nílé nìkan ni mo ń jẹ́ kí iná rẹ tàn."

Wọ́n ti lọ bá ọ̀rẹ́ wọn báyìí. Àwọn èèyàn ṣì máa ń sọ fún mi pé ọmọ dáadáa ni mí, pé mo máa ń lọ kí bàbá mi déédéé. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀: ká ní n kò wálé ní Sátidé yẹn, bàbá mi ì bá gbọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ sin ọ̀rẹ́ wọn.