Ohun Tí Màmá Ń Wò Nínú Yanrìn

Màmá lóṣòó ti bàsíà yanrìn rẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ná, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yanrìn. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Àwọn tó lọ kírun Àsùbá ń padà bọ̀, mò ń gbọ́ bàtà wọn tó ń wọ́ nílẹ̀ lójú títì, èmi sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tó ṣí díẹ̀, mo di èémí mú. Ilà mẹ́ta ló wà lójú yanrìn náà, tín-ín-rín, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka fà á. Màmá fi igi ìṣáná tú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilà náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí. Kò bojú wẹ̀yìn rárá kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọlé. Ẹni tó bá ń yọjú báyìí, bí olè ló máa ń rí."

N ò tíì mira, n ò sì húkọ́. Títí di òní, n ò mọ bó ṣe mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ládùúgbò Òkèrèwè. Àwa la ń gbé yàrá méjì iwájú, onílé àti ìyàwó rẹ̀ wà láàárín, màmá náà sì wà ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kì í ṣe ìyá ìyá mi, kì í ṣe ìyá bàbá mi. Mùsùlùmí ni, ará Ẹdẹ, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé yẹn kí wọ́n tó bí onílé fúnra rẹ̀, òun ló sì wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Àdúgbò ní orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn. N ò ní kọ ọ́ síbí, torí èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Yanrìn ló fa orúkọ náà. Láràárọ̀ ló máa ń fi asẹ́ ògì tó ti gbó sẹ́ yanrìn odò sínú bàsíà kan tó ti jò nídìí. Ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Ìró yẹn ló máa ń jí mi. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó bá sì yá, á lóṣòó tì í, á tẹjú mọ́ ọn. Gbogbo ẹni tó ń lọ pọnmi ní kànga ló ń rí i. Nílùú wa, a mọ àwọn ààfáà tó ń tẹ yanrìn, tí wọ́n ń fi ìka fa ilà sójú rẹ̀, tí wọ́n á wá sọ ohun tó ń bọ̀ lọ́nà fún ọ. Arúgbó obìnrin tó ń dá gbé, tó ní ológbò, tó tún ń wo yanrìn ní ìdájí, ta ló máa sọ pé nǹkan mìíràn ni? Àwọn kan tiẹ̀ ń yọ́ wá bá a pé kó bá àwọn wo ọ̀rọ̀ ọkọ, kó bá àwọn wo ọ̀rọ̀ ìrìnàjò. Á ní ilé ìgbẹ́ ológbò ni. Wọ́n á wojú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á lọ. Wọ́n gbà pé ó ń fi í pamọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ìyá ológbò náà jáde, kò sì padà wá mọ́. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ríran dáadáa. Àkọ́kọ́ kú, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni onílé ṣubú lórí ọ̀kadà. Èkejì kú, okùn kànga já, korobá méjì sì bá a lọ. Wọ́n ń kà á nínú ilé wa, wọ́n ń fi ìka kà á. Ẹ̀kẹta ló wá kù, aláwọ̀ eérú, ẹsẹ̀ kan funfun. Ọmọ yẹn máa ń rìn lọ, á kàn dúró láàárín yàrá, á gbójú sókè sí ara ògiri tí kò sí nǹkan kan, orí rẹ̀ á máa yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wo èèyàn tó ń kọjá. Èmi náà á wo ibẹ̀. N ò rí nǹkan kan rí, ṣùgbọ́n gbogbo irun ara mi á dìde.

Ẹ̀rù màmá yẹn ń bà mí, síbẹ̀ n kì í lè jìnnà sí yàrá rẹ̀. Ó ń rùn bí àdí àti ẹja gbígbẹ. Ó máa ń ki aṣọ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fún un, á máa fi nu ìdí ọmọ ológbò náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ní ahọ́n ìyá rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Á rọra fi ìka méjì fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè, á jù ú sílẹ̀. Tí awọ náà bá padà kíá, omi wà lára rẹ̀. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀ bí orí àgọ́, omi ti ń tán. Ó kọ́ mi pé ìgbẹ́ tó bá le bíi ti ewúrẹ́, òùngbẹ ni. Èyí tó bá ní ohun bíi hóró ìrẹsì tàbí òwú funfun nínú, aràn ni. Èyí tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀, kéèyàn má jókòó, kó wá dókítà ẹran lọ. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí a kọ sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ ológbò náà pa bàsíà tì, ó ń lọ ṣu gbuuru sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó onílé. Àárọ̀ mẹ́ta, ojú kan náà.

Kí ẹ má bínú sí obìnrin yẹn. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀, ìkẹta yìí ló wá dé oṣù keje. Ní àárọ̀ kẹta, mo rí i tó ṣí ilẹ̀kùn, tó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, tó gbé ọwọ́ lé ikùn. Ohun funfun kan bí òwú ń mì nínú ohun tó wà nílẹ̀ náà. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Màmá sì sáré jáde láti ẹ̀yìn, arúgbó tí n ò rí kó sáré rí.

"Má fọwọ́ kàn án! Aboyún kì í fọwọ́ kan ìgbẹ́ ológbò."

Ó kúnlẹ̀, ó kó o, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní tí òórùn bá kù níbẹ̀, yóò tún pe ọmọ ológbò náà padà wá. Gbogbo ilé ń wò ó. Ohun tí wọ́n rí ni pé kò fẹ́ kí aboyún fọwọ́ kàn án. Kí ló wá fi sí i tí kò fẹ́ kó mọ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni onílé wá bá a. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, torí kò sí bó ṣe lè wo ojú ẹni tó wẹ̀ ẹ́. Ó ní tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán lọ́jọ́ Ẹtì, òun máa di ọmọ ológbò náà sínú àpò, òun á gbé e lọ jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìpetumodù, kí màmá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá mìíràn. Màmá ní òun ti gbọ́.

Ohun kan wà tí n ò tíì sọ fún yín. Èmi ni mò ń fún un ní mílíìkì. Màámi ń tọ́jú agolo kan fún ògì àbúrò mi. Mo máa ń bù ú sínú ọmọrí agolo, mo máa ń gbé e sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi ìyàwó onílé, nítorí ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í wò. Àánú ọmọ òrukàn ló ń ṣe mí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, Ọjọ́bọ̀, ni mo yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí màmá ní kí n wọlé. Ó fi igi ìṣáná tọ́ka sí ilà mẹ́ta náà.

"Ó wá síbí, ó họ ilẹ̀, ó ṣe díẹ̀, ó sì sá. Inú ń ro ó níbí, ó wá rò pé yanrìn ló ń dun òun." Ó gbé igi náà sí imú. "Wàrà màlúù nìyí. Ìfun ọmọ ológbò ò lè gbà á, ó ń ṣí i nínú ni." Ó wá wo ojú mi. "Ta ló ń fún un?"

"N ò mọ̀, Màmá."

"Ó dáa."

Ọmọ ológbò náà dùbúlẹ̀ lórí àkísà, ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń wo ohun kan lókè èjìká mi. N ò yíjú wò ó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, onílé dé láti mọ́sálásí pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn, ó mú àpò sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́. Gbogbo wa wà lágbàlá. Màmá gbé bàsíà jáde, ó gbé e kalẹ̀ láàárín wa, àwọn èèyàn sì fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Ó ní inú ló ń dun ọmọ náà, ó ní wàrà ni wọ́n ń fún un, aràn sì wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́.

"Ta ló wá ń fún un, Màmá?" Ìyàwó onílé ló béèrè. "Ẹ dárúkọ ẹ̀ kí n gbọ́."

Màmá wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi nìkan ni kò wò.

"N ò ní dárúkọ ẹnì kankan."

Onílé mí kanlẹ̀, ó ṣí ẹnu àpò. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ológbò náà jáde wá, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó la àárín ẹsẹ̀ gbogbo wa kọjá. Ó tọ̀ mí wá níbi tí mo sá pamọ́ sí lẹ́yìn ìró màámi, ó jókòó, ó gbójú sókè, ó ń ké. Àkókò oúnjẹ rẹ̀ ti tó. Gbogbo ojú yí sí mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀.

"Èmi ni," mo ní.

Mo gbọ́ ìró ìgbátí màámi kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Mo lọ mú ọmọrí náà wá lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, mílíìkì ti gbẹ sí etí rẹ̀, èèrà ti bò ó. Ìyàwó onílé gbà á, ó wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Onílé ká àpò sìmẹ́ǹtì náà, ó fi há abíyá. Kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yàrá mìíràn.

Dókítà ẹran tó ń wo ewúrẹ́ àdúgbò ló wá fún un ní oògùn aràn. Màmá dá wàrà dúró. Omi tí a sè tó tutù ló ń fún un, àti ẹja bíbọ̀ tí kò ní iyọ̀ tí kò ní ata, díẹ̀díẹ̀. Ó fi bàsíà tó jò náà sílẹ̀, ó wá òmíràn, ó gbé e jìnnà sí ibi oúnjẹ, kí ọmọ náà má bàa rántí ìrora. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó fi wọ inú rẹ̀, tó họ ilẹ̀, tó ṣe tirẹ̀, tó bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ ò dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ọjọ́ náà ni mo bi í pé, ṣebí ó mọ̀ pé èmi ni, kí ló dé tí kò sọ?

"Tí mo bá dárúkọ rẹ," ó ní, "ibo ni wọn á ní mo ti rí i?"

Mo wo yanrìn tó wà láàárín wa.

Ìyàwó onílé bí tirẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n títí màmá fi kó lọ sí Ẹdẹ pẹ̀lú ológbò rẹ̀, tí wọ́n fi wá sọ fún wa pé ó ti kú, obìnrin náà kì í gba ẹ̀yìn kọjá láì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ báyìí, Modákẹ́kẹ́ la ń gbé. Nígbà tí mo lóyún, nọ́ọ̀sì sọ fún wa ní kílíníìkì pé kí aboyún má fọwọ́ kan ìgbẹ́ ológbò. Mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣe mí bíi pé ohùn arúgbó yẹn ni. Tí mo bá tú ìlédìí ọmọ mi, mo máa ń wò ó dáadáa kí n tó jù ú nù. Ìyá ọkọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ṣé mò ń wá owó níbẹ̀ ni.

Wọ́n da yanrìn ìkọ́lé síwájú ilé wa. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì: ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Mo pọn ọmọ, mo jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ilà mẹ́ta wà lójú yanrìn, ohun kan tó ṣàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lóṣòó, mo gbé imú sún mọ́ ọn. Nígbà tí mo gbójú sókè, aládùúgbò wa dúró pẹ̀lú korobá omi, ó ti di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Ilé ìgbẹ́ ológbò ni," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó lọ.

Mo wọlé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi. Mo bu omi tí mo sè lálẹ́ àná sínú abọ́ kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yanrìn. N ò fi wàrà sí i.