Ewúrẹ́ Tó Já Lára Alábàáṣòwò Mi

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá kan ní Ute, lọ́dún tí alábàáṣòwò mi sọ pé mo fi jẹjẹrẹ sínú mọ́ínmọ́ín fún òun. Ìwọ náà bá mi rò ó, ọ̀rẹ́: ẹni tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní iye yẹn, níbo ló ti fẹ́ rówó ra oògùn ìkà? Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń háyà mọ́tò kan kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá tà ní Ọ̀wọ̀, èmi níwájú lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà, òun lẹ́yìn lórí ẹrù. Nígbà tí kókó yọ sí i lọ́mú, àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó, wọ́n ronú kan ẹni tó bá a jà gbẹ̀yìn, orí mi ni wọ́n bọ́ sí. Lóòótọ́ la ti jà, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó pọ́n jù. Lóòótọ́ ni mo sì gbé mọ́ínmọ́ín fún un lọ́jọ́ kejì láti fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Omi yẹn kò wá dá mọ́, ni mo bá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kàwé ní poli ló wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n ní kí wọ́n tètè gé e kó tó rìn jìnnà. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò fi ọ̀bẹ kan òun, àfi tí mo bá wá jẹ́wọ́ lójú dókítà pé èmi ni, tí mo sì ní mo ti dáwọ́ dúró. Ni ọmọ náà bá wá kúnlẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣáà sọ pé ẹ̀yin ni.”

Bí mo bá jẹ́wọ́, orúkọ mi bàjẹ́ láti Ute dé Uso. Bí n kò bá jẹ́wọ́, wọn yóò sin ín. Mo wọ aṣọ tó mọ́, mo lọ, mo sì ń tún irọ́ náà ṣe ní gbogbo ọ̀nà kó lè dùn ún gbọ́.

Yàrá náà ń run oògùn ìfọlẹ̀ àti dòdò tí ẹnì kan ń jẹ nítòsí. Alábàáṣòwò mi ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù.

“O dé, alásè jẹjẹrẹ?”

“Mo dé, ajẹun-má-dúpẹ́.”

Bí mo ṣe la ẹnu láti jẹ́wọ́ ni dókítà, ọmọbìnrin kan láti apá Ìbàdàn, ní kí n dúró ná. Ó ní, “Màmá, ìwé kan wà nínú ẹran ara wa tí a jogún, òun ló ń sọ ohun tí ara yóò ṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yẹn tó lè da ara wọn kọ, kí ẹ̀dà wọn fò lọ há sí ojú ewé mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Ara ló so ìyókù mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, okùn yẹn máa ń tú. Ẹ̀dà kan lè lọ há sáàárín ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún ẹran ara pé kó má dàgbà mọ́. Ẹran á wá máa wú, kò ní gbọ́ ‘dúró’.”

Alábàáṣòwò mi tẹjú mọ́ ọn. “Ewúrẹ́ wo ni wọ́n so mọ́ igi, tó tún wà lóko ẹlòmíràn?”

“Èyí tó ń bí ara rẹ̀ ni, mà.”

“Ta ló wá tú u?”

“Ọjọ́ orí lè tú u, nǹkan mìíràn náà lè tú u. A ò yẹ tiyín wò dé ibẹ̀, n ò sì ní búra pé òun ló fà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sè é sínú mọ́ínmọ́ín.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. Alábàáṣòwò mi wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. “Dókítà, ewúrẹ́ yìí, ṣé obìnrin yìí náà ní in lára?”

“Gbogbo wa ni, mà. Èmi náà.”

“Òun náà?”

“Kò sí bí kò ṣe ní ní in.”

Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. “Ẹ gbé ìwé yín wá, kí n tẹ̀ka.” Mo gbé irọ́ dídùn mi mì.

Wọ́n gé e. Wọ́n fún un ní oògùn tó kó irun orí rẹ̀ lọ, irun náà sì padà hù. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Dókítà tún ní ewúrẹ́ tó bá já máa ń ké nígbà mìíràn, àwọn onímọ̀ sì ń wá bí yóò ṣe máa ké sókè, kí ọdẹ tó ń ṣọ́ ara lè gbọ́ kó wá pa ẹran burúkú náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú kúrò ní yàrá yẹn ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi mọ́ ló tú alábàáṣòwò mi nínú. Ó gbọ́ pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n dójú sọ, pé àti ẹni tí òun fẹ̀sùn kàn, àti ẹni tó ń wo òun sàn, ohun kan náà ni gbogbo wa so mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù pé wọ́n dá òun nìkan yà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ padà sọ́jà, oníbàárà kan bi í wúyẹ́wúyẹ́ bóyá èmi kọ́ ni obìnrin mọ́ínmọ́ín ọjọ́sí. Ó pariwo tó fi jẹ́ pé gbogbo ìlà wa gbọ́: “Ta ni? Èyí? Iyọ̀ ọbẹ̀ gan-an kò mọ̀ ọ́n wọ̀n, ṣé jẹjẹrẹ ló fẹ́ mọ̀ ọ́n sè?” Ẹ̀rín sọ, àwọn oníbàárà sì rọ́ wá. Èébú tó dá orúkọ mi padà nìyẹn, n kò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó o. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ a ti tà tán, ó sì fi ìpín tèmi nínú èrè ọjọ́ náà lé mi lọ́wọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti igba náírà.