Ó-ku-bọ́tìnnì àti Àwọn Ológbò Ìyá Rẹ̀

Ó-ku-bọ́tìnnì ni gbogbo wa ń pe aránṣọ tí ilé rẹ̀ dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbàkígbà tí oníbàárà bá wá gba aṣọ, ohun tó máa sọ ni pé ó ku bọ́tìnnì. Aṣọ tí kò tíì gé rárá, tó ṣì wà nínú ọ̀rá, ó ku bọ́tìnnì. Èmi tí mo ń ta bọ́tìnnì àti òwú fún un mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìtọ́jú ìyá rẹ̀ ló ń gba àkókò rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Ó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, ó gbàgbé pé ọkọ òun ti kú, bó bá sì jẹun tán, yóò tún máa béèrè oúnjẹ. Àmọ́ kò gbàgbé ológbò méjì tó gbé dání wá láti ilé rẹ̀, kò sì gbàgbé ojú ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ó-ku-bọ́tìnnì fi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí pálọ̀, níbi tí Màmá yóò ti máa rí i láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti sọ fún un rí pé kó gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá, kó lè ráyè na ẹsẹ̀.

Ó ní, “Ojú yìí nìkan ló kù tó mọ̀ lára mi. Tó bá tún gbàgbé ẹ̀, kí ló wá kù?”

Èmi ò fẹ́ràn ológbò, mi ò ní í purọ́. Ọ̀kan dúdú, èkejì rí bí eérú, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sì mọ̀ ni kí wọ́n sùn sórí itan Màmá, kí wọ́n máa gbọn irun sílẹ̀. Irun wọn wà lára aṣọ oníbàárà, ó wà lára òwú, ó wà nínú tíì tí wọ́n bá fi ṣe mí lálejò. Tíṣà tó ń kó aṣọ àwọn ọmọ iléèwé wá fún rírán sì ti kìlọ̀ pé bí òun bá tún rí irun lára aṣọ, òun á kó iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ tìyá tọmọ. Mo ní kó fi àwọn ológbò náà tọrẹ, ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí a dán an wò, tí a gbé wọn lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Màmá ò fẹnu kan oúnjẹ títí a fi lọ gbé wọn padà.

Ni Ó-ku-bọ́tìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan. Ó ra kóòmù oníwáyà tí wọ́n fi ń ya irun ológbò. Dúdú gbà fún un, eérú fi èékánná dá a lóhùn. Ó ra ike yanrìn tí wọ́n á máa yàgbẹ́ sí, èyí tó ní ìdérí, torí ẹni tó tà á ní òórùn ò ní í jáde. Òórùn ò jáde lóòótọ́, àmọ́ àwọn ológbò náà ò wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ike ni wọ́n ń ṣe é sí. Ó yọ ìdérí náà dànù, ọ̀rọ̀ sì tán. Bébà alátè tí wọ́n ń yí lára aṣọ kí irun lè lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ni mo gbóríyìn fún. Mo ti ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.

Ó wá ra òpó kékeré kan tí wọ́n fi okùn wé, kí àwọn ológbò lè máa ha á dípò àga. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Aránṣọ ò kúkú lè rí ohun tó wà níhòòhò kó má wọṣọ fún un: ó mú ìrépé aṣọ iléèwé tó nípọn, ó rán ẹ̀wù fún òpó, ó tún fi bọ́tìnnì sí i. Inú àwọn ológbò dùn, wọ́n ń ha á tọwọ́ tẹsẹ̀, àwa náà ń yọ̀. A ò mọ̀ pé ṣe la ń kọ́ wọn pé irú aṣọ yẹn, tiwọn ni. Lọ́jọ́ tó fi aṣọ iléèwé tó ti rán parí kọ́ sórí háńgà, tó yà sẹ́yìn ilé, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n ha etí gbogbo rẹ̀ jákujàku.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ náà, ó ní ó ti rẹ òun tẹnutẹnu. Inú bí mi sí àwọn ológbò, ó bí mi sí Màmá tó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí, ó sì bí mi sí tíṣà. A jọ tún aṣọ náà rán ni. Tíṣà gbà á, ó ní ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyẹn.

Ó-ku-bọ́tìnnì bá gbé ẹ̀rọ wọ yàrá, ó sì pe kafíńtà pé kó wá fi ilẹ̀kùn sí i. Kafíńtà ní kí òun fi nẹ́ẹ̀tì ṣe é, kí ìyá àtọmọ lè máa ríra. Ó-ku-bọ́tìnnì ní irun á gba ojú nẹ́ẹ̀tì kọjá, kó fi pákó ṣe é, òun á máa jáde wá wo Màmá.

Nínú gbogbo ohun tó rà, ilẹ̀kùn yìí ló ṣiṣẹ́ jù. Irun tán lára aṣọ. Tíṣà yìn ín, ó tún kó aṣọ iléèwé mìíràn wá. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni jíjáde ń dín kù, èmi ni mo wá ń gbé oúnjẹ ọ̀sán fún Màmá. Nígbà tí Ó-ku-bọ́tìnnì bá jáde nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á ti wú, ẹ̀yìn á máa dùn ún, kò ní í lè sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ń kó àwo oúnjẹ Màmá kúrò nílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Ó-ku-bọ́tìnnì jáde. Màmá gbójú sókè láti orí àga. Ó wò ó dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, ó sì rọra ti eérú kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o,” Màmá wí. “Ṣé aṣọ lẹ wá gbà? Ẹ jókòó. Ọmọ mi ò ní í pẹ́ dé.”

Mo rò pé Ó-ku-bọ́tìnnì yóò sunkún. Mo fẹ́ dá sí i, ó fọwọ́ dá mi dúró. Ó lọ jókòó sórí àga tí irun kún náà, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

“Ẹ ṣé, Mà,” ló sọ. “Màá dúró dè é.”

Kafíńtà wá yọ ilẹ̀kùn náà lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ sì padà sí pálọ̀. Irun ti padà sára aṣọ, tíṣà sì ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Màmá ṣì ń kí i káàbọ̀ láràárọ̀, ó ṣì ń fi àga lọ̀ ọ́, òun náà ṣì ń bá a dúró de ọmọ rẹ̀.