Àáró Ọmọ

Òórùn kòkó tí wọ́n bò mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní abúlé ìyá ọkọ mi, kí n tó fojú kan ilé kankan níbẹ̀. Ó ń ta bí ògógóró, ó ń dùn bí oyin, ó sì tún ń rùn díẹ̀ bí bàtà tí òjò pa. Ẹsẹ̀ òkè ni lọ́rì já wa sí, èmi àti ọmọ tí mo pọ̀n, pẹ̀lú báàgì méjì, a sì fẹsẹ̀ gun ìyókù. Ní gbogbo kọ́nà ni mo ń dúró kí n lè mí. Àwọn ìyá arúgbó tó ru igi ń kọjá lára mi, wọ́n ń kí mi kú àbọ̀, wọ́n ń bá tiwọn lọ bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá. Èmi ará Festac, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, àtẹ̀gùn ilé wa nìkan ni òkè tí ẹsẹ̀ mi mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kó dé Festac ní àkókò tiwa ẹ ó rántí bó ṣe rí nígbà náà. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn, yanrìn funfun ló kún gbogbo ilẹ̀, ilé sì jọra débi pé ọkọ mi wọ pálọ̀ olóyè kan lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, kó tó rí i pé àga ibẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ẹnikẹ́ni ò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, kálukú ti ti tirẹ̀. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ akọ̀wé sì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá, kí n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọmọ mi kò tíì rìn dáadáa. Ìyá tó bí mi ń bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ìbejì ní Agége. Ọkọ mi ní, “Jẹ́ ká gbé e fún Màmá lókè. Tó bá tó iléèwé, a ó lọ mú un.” Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Báàgì kan nínú méjèèjì yẹn, aṣọ ọmọ ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Mazamaza tí mo ti wọkọ̀, orí itan mi ni báàgì náà wà. N kò jẹ́ kí wọ́n bá mi gbé e sẹ́yìn mọ́tò.

Abúlé náà rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Àgbàlá ilé kan ló ń wo òrùlé ilé kejì nílẹ̀. Bí o bá da omi nù láìwò, aládùúgbò á ti ìsàlẹ̀ kígbe pé òun ti wẹ̀ láàárọ̀, o ṣeun. Láàárọ̀, kùrukùru á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwọ á sì máa gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ láìrí i. Orí àpáta pẹrẹsẹ ni wọ́n ń sá kòkó àti aṣọ sí. Ìyá ọkọ mi ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí okùn. Kò tíì kí mi tán tó fi tú ọmọ kúrò lẹ́yìn mi. “Ọkọ mi dé,” ó wí, ó jù ú sókè, ó gbà á, ọmọ tó máa ń ké bí àlejò bá wò ó bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Inú sì tún bí mi, pé ó ṣe yá a lára tó bẹ́ẹ̀.

Mo wo bí àgbàlá ṣe dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo ní, “Màmá, ṣé kò ní yí lọ báyìí?”

“Bàbá rẹ̀ yí lọ lẹ́ẹ̀mejì,” Màmá dáhùn. “Ewúrẹ́ ló dá a dúró.”

Ìgbà tí wọ́n ń fọ́ kòkó ni mo débẹ̀, àáró sì ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń ṣe é. Lónìí, gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnìkan. Lọ́la, oko ẹlòmíràn, títí tó fi máa kárí. Owó ọ̀yà ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí o bá bá mi ṣe, ọjọ́ ni mo jẹ ọ́. Obìnrin kúkúrú kan tí áásáà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni olórí wọn, oko tirẹ̀ ló sì kàn ní ọjọ́ kẹta tí mo dé. Mo ní èmi náà á lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ìyàwó tí ọmọ wọn fẹ́ ní Èkó kì í ṣe ọ̀lẹ.

Wọ́n fún mi ní àdá kékeré kan. Àwọn tó jókòó tì mí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gé e, wọ́n á yí ọwọ́, kòkó á là sí méjì, inú rẹ̀ á funfun bí eyín ọmọdé. Tèmi ò là. Mo gbá a níhìn-ín, mo gbá a lọ́hùn-ún, omi rẹ̀ tú sí mi lójú, ó tú sára búláòsì mi.

“Ìyàwó Èkó,” olórí àáró pè mí, “ṣé kòkó yẹn jalè ni?”

Ẹnìkan ní, “Ẹ gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀ o, kó má lọ bá wa gé ìka mọ́ ọn.”

“Ó yá, lọ síbi àwọn ọmọ. Ọjọ́ ọmọ ni tìrẹ lónìí,” olórí àáró wí.

Lábẹ́ igi ọsàn kan létí oko ni wọ́n kó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ jọ sí. Wọ́n ti fi èèpo kòkó mọ odi yí wọn ká kí wọ́n má baà rá lọ. Ojú tì mí. Mo rò pé ibi tí wọ́n ń fi ẹni tí kò wúlò sí nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá, iṣẹ́ ni mo bá yín wá ṣe. N kò wá jókòó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí ẹnìkan fi jókòó lé kòkó tó ti là.

“Ta ló sọ fún ọ pé ìjókòó ni?” olórí àáró béèrè. “Bí ọmọ bá ń ké lẹ́yìn mi, ṣé ọwọ́ mi á wà lára kòkó? Ẹni tó bá ṣọ́ wọn ti ṣe ọjọ́ tirẹ̀ pé. Ọjọ́ ọmọ, ọjọ́ oko, ọgbọọgba ni. Èmi ni mo ṣọ́ wọn lánàá, ìbàdí ṣì ń dùn mí.”

Kò pẹ́ tí mo fi gbà á gbọ́. Bí mo bá fa ọ̀kan wọlé láti apá ọ̀tún, méjì ti ń gun èèpo kòkó lápá òsì. Wọ́n ń fá èso kòkó lá, ó ń ṣàn dé ìdodo wọn, àwọn eṣinṣin sì ń bá wọn pín in. Mo kọ gbogbo orin tí mo mọ̀ níléèwé, mo kọ wọ́n tán, mo tún wọn kọ. Ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún. Mo gbé e, mo jó fún un, kò gbà. Mo bá ṣí búláòsì, mo fún un lọ́yàn. Ọmọ tèmi dúró, ó wò wá, ó sì fajú ro bí onílé tó bá àlejò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, àwọn ìyá wá kó ọmọ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ti gba tirẹ̀ á wò mí lójú, á ní, “O kú iṣẹ́.” Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, “ẹ kú ọwọ́ lómi” ni mo ń gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì kí mi kú iṣẹ́ rí nítorí ọmọ. Mo yí ojú sí apá kan, mo ṣe bí ẹni pé ẹ̀fọn ló jẹ mí.

Olórí àáró ló kẹ́yìn. “A jẹ ọ́ ní ọjọ́ kan,” ó wí. “Níbo ni oko rẹ wà?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Màmá, n kò lóko. Yanrìn ni Festac.”

Òun kò rẹ́rìn-ín. “Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ la máa bá ọ ṣe. A kì í jẹ àáró gbé.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí n padà, mo bá ìyá ọkọ mi lórí àpáta, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó ká kó lè gbẹ. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, n kò lè fi í sílẹ̀.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. “Mo mọ̀. O gbé báàgì rẹ̀ wọlé, o ò tú u. Ta ló máa bá ọ mú un?”

“Mo fẹ́ dá àáró sílẹ̀ ládùúgbò wa. Àáró ọmọ.”

“Àwọn ará Festac yẹn? Àwọn tí o ní wọn kì í kí ara wọn?”

“Orí kíkí náà la ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi etí ìró nu ojú, n kò sì lè sọ pé ẹ̀rín nìkan ló nù. “Mo ti ra ewúrẹ́ dè é o,” ó wí jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí mi: “Bí kò bá ṣeé ṣe, mò ń bọ̀ wá gbé ọkọ mi.”

Ilẹ̀kùn tí mo kọ́kọ́ kàn ní Festac ni ti nọ́ọ̀sì tó dojú kọ wá. Ó ṣí i díẹ̀, ó rí mi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní, “Àǹtí, a ti ní ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ o.”

“N kò wá wàásù. Mo wá béèrè ẹni tó ń bá yín mú ọmọ ni.”

Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Lẹ́yìn tirẹ̀, mo lọ bá tíṣà kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àti ìyàwó Àlájì kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Mazamaza, tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn mẹ́ta ló pín ààrin ọ̀sẹ̀. Sátidé, tí ọjà ń gbóná jù, látàárọ̀ dalẹ́, ló di tèmi, pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Ọmọ mi mọ “Àsàlámù àlékùn” kó tó mọ “Dádì”. Ó kí pásítọ̀ wa bẹ́ẹ̀ ní Sọ́ńdè kan, pásítọ̀ sì jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Mo pẹ́ dé láti Àpápá lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó Àlájì dúró ti àwọn ọmọ, ó sì pàdánù oníbàárà. Ó kó ọmọ rẹ̀ kúrò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ọ́fíìsì ju ọjà mi lọ. Mi ò ṣe mọ́.” Òótọ́ ló sọ. Bí òun bá lọ, àáró tú, kò sì sí ẹni tó máa mú ọmọ mi. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbóòórùn kòkó lórí àtẹ̀gùn wa. Mo ṣílẹ̀kùn: ìyá ọkọ mi rèé, olórí àáró sì ń gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé Màmá ti dé, ó wá gbé ọmọ lọ.

“Ọjọ́ rẹ ni mo wá san,” olórí àáró wí kó tó jókòó. Mo ro ẹjọ́ ìyàwó Àlájì fún un, ó ní, “Lọ́la. Kó gbogbo wọn wá, ti onínúfùfù ìsàlẹ̀ yẹn náà.”

Nígbà tí mo ti ọ́fíìsì dé lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn lábẹ́ ilé. Olórí àáró ti to iṣu rẹ̀ yí àwọn ọmọ ká lórí yanrìn, ó jókòó sáàárín bí ọba, ọmọ mi ń fi iṣu kan ṣe ẹṣin. Nọ́ọ̀sì dé, ó gba tirẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.” Tíṣà náà ní, “Ẹ kú iṣẹ́.” Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́. Ìyàwó Àlájì ló dé kẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

“Mo ti san ti Ìyàwó Èkó,” olórí àáró sọ fún un. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́ta yìí jẹ mí ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ ọjọ́ kì í kúrò nínú àáró.”

Ìyàwó Àlájì wò mí, ó wo iṣu, ó wo olórí àáró. “Ìgbà wo ni kòkó máa ń pọ́n?” ó béèrè, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. “Màá ta ewúrẹ́ yẹn,” ó wí.

A lọ o. Nígbà tí kòkó pọ́n, a jùmọ̀ háyà mọ́tò kan, a gun òkè yẹn tọmọtọmọ, wọ́n sì bi nọ́ọ̀sì bóyá kòkó jalè. Ìyàwó Àlájì ló ṣọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ mi ti wọ iléèwé báyìí. Tíṣà rẹ̀ ní kó sọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó ní, “Èwo nínú wọn?” Wọ́n ránṣẹ́ pè mí torí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì rẹ́rìn-ín délé. Wọ́n tọ́ mi dàgbà pé kí n má jẹ gbèsè. Èyí tí mo jẹ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, bí mo ti ń san án ni mo tún ń jẹ òmíràn, àdúrà mi sì ni pé kó má tán.