Kòkúmọ́ Ẹlẹ́yin Òjòlá

Bí ẹ bá dé èbúté Igbókòdá lónìí tí ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ Kòkúmọ́ fún yín, ìtàn ọkọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ Godspower ti kún, ó ku kí ẹ́ńjìnnì dún, ni Kòkúmọ́ bá gbé kúlà ẹja funfun kan wọlé. Ó gbé e sórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì orí omi tí wọ́n fún un, ó wọ̀ ọ́ fún kúlà, ó sì so okùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo fún ní jákẹ́ẹ̀tì o," ni Godspower wí. "Ẹ wọ̀ ọ́."

"Èmi mọ̀wẹ̀," ni Kòkúmọ́ dá a lóhùn. "Àwọn tó wà nínú èyí kò tíì mọ̀wẹ̀."

Wọ́n ti dé àárín omi kí obìnrin kan tó béèrè ohun tó wà nínú kúlà náà. Kòkúmọ́ kì í purọ́. Ó ní ẹyin òjòlá ni, mọ́kàndínlógún, kí obìnrin náà sì jọ̀ọ́ rọra sọ̀rọ̀. Ènìyàn mẹ́ta ló bẹ́ sómi. Ọ̀kan nínú wọn ni Godspower tó ń wa ọkọ̀.

Fẹ́yìsayọ̀, ìyàwó Kòkúmọ́, ti bá wọn rẹ́rìn-ín ìtàn yìí títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òun gan-an ló máa ń fi kún un pé nígbà tí wọ́n ń fa Godspower padà sínú ọkọ̀, gbogbo ohun tí ọkọ òun rí sọ ni pé, "Ẹ má mi kúlà o!" Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti kú, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkọ̀, ńṣe ló máa ń wo ilẹ̀.

Kòkúmọ́ kì í ṣe ọdẹ, kì í sì í ṣe oníṣègùn. Ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe ni, ní Molutehin, abúlé etí omi tí ọkọ̀ Igbókòdá ń ná. Eku ló sọ ọ́ di ẹlẹ́yin. Eku ń wọ inú ilé pákó tó ń kó àwọ̀n sí, wọ́n ń gé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ará àdúgbò ra oògùn eku, ológbò jẹ eku tó jẹ oògùn, ológbò kú, eku sì ń bí sí i. Kòkúmọ́ ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá dìde ní ìpàdé àdúgbò.

"Ta ló ń jẹ eku?"

"Ológbò," ni wọ́n dáhùn.

"Yàtọ̀ sí ológbò ńkọ́?"

Kòkúmọ́ kò dúró de èsì.

"Òjòlá ni! Ẹ̀yin sì ń pa á, ẹ ń fi ẹran rẹ̀ jẹ òkèlè púpurù. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Èmi yóò máa sìn ín fún yín."

Wọ́n ní kó jókòó. Ọmọ́ṣọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fi òrìṣà Ayélála búra lójú gbogbo wọn pé lọ́jọ́ tí ọmọ òjòlá bá yọ nílé àbúrò òun, ọjọ́ náà lòun kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́.

Ẹyin àkọ́kọ́ tó rí, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣán igbó lẹ́yìn Igbókòdá ló ti gbà á. Wọ́n ti pa ìyá ejò níbi tó ká mọ́ ẹyin rẹ̀. Kòkúmọ́ sì ronú bí ọmọ etí òkun ti í ronú. Láti kékeré ló ti ń rí ìjàpá òkun tó ń gòkè wá sí etíkun Abereke, tó ń bo ẹyin mọ́lẹ̀ nínú yanrìn, tó ń bá tirẹ̀ lọ, tí ọmọ sì ń jáde fúnra wọn. Ó bu yanrìn Abereke kún báàfù, ó ri ẹyin sínú rẹ̀. Bí yanrìn náà bá ti gbẹ, á wọ́n omi òkun sí i. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo wọn ti hunjọ bí bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀.

Ó kó wọn lọ bá Tíṣà Kọ́lájọ, ará Ìkirè tí ìjọba gbé wá síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí.

"Iyọ̀ ló fa omi inú wọn gbẹ, bàbá," ni Tíṣà wí.

"Ṣé iyọ̀ tí a fi ń gbẹ ẹja yìí náà?"

"Òun náà ni."

Kòkúmọ́ mi orí títí. "Mo ti fi iyọ̀ sí wọn bí ẹja," ó wí. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Àwọn aládùúgbò ní ó yẹ kó jẹun, ọbẹ̀ nìkan ló kù, ẹyin ti níyọ̀.

Ti ọdún kejì ni ẹyin inú kúlà. Kò sí yanrìn mọ́. Ìyẹ̀fun pákó ló gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń la pákó, omi òjò ló sì fi rin ín. Ó fi èédú sàmì sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà yí ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè sí ìsàlẹ̀. Ó ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, ó ń fi àkísà wé e, ó ń tò ó yí ẹyin ká, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìgúnpá ló fi ń mọ̀ bóyá ó gbóná jù, bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Kúlà tí gbogbo ayé fi ń mú ẹja tutù, òun fi ń mú ẹyin gbóná, inú yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn ló sì gbé e sí.

"Bàbá Happiness, ẹ yan ọ̀kan," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Èmi ni tàbí ẹyin?"

"Ìwọ mọ bí a ti í fa aṣọ bora," ni Kòkúmọ́ dáhùn. "Àwọn kò mọ̀ ọ́n."

Fẹ́yìsayọ̀ kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀.

Nígbà tí ẹyin pé àádọ́ta ọjọ́, Kòkúmọ́ pè é wọlé. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní kó wá wo bí ẹyin ti rí, ó ní kò ní pẹ́ mọ́. Ó ti rẹ Fẹ́yìsayọ̀ lọ́jọ́ náà. Kẹrosíìnì tó fẹ́ fi se oúnjẹ, Kòkúmọ́ ti fi se omi ejò tán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹyin tó ti kú lẹ ń dáná fún."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kòkúmọ́ tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rọra dé kúlà rẹ̀.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn èyí ni ìrora ńlá gbá a láyà mú. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Godspower, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn. Orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ Fẹ́yìsayọ̀. Òjò ń rọ̀. Ó la ojú, ó béèrè pé, "O ti pààrọ̀ omi?"

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Kò pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló rántí ìgò? Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó dijú, wọn kò sì tíì rí èbúté Igbókòdá tó fi kú.

Ọjọ́ méjì ni òkú fi wà nílẹ̀, òjò kò sì dá. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán ni Fẹ́yìsayọ̀ rántí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n opó ni. Títí ọjọ́ méje yóò fi pé, kò gbọ́dọ̀ dáná, kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ẹní. Ó ránṣẹ́ pe Ọmọ́ṣọlá, ó sì bẹ̀ ẹ́.

"Èmi?" ni Ọmọ́ṣọlá wí. "Èmi tí mo fi Ayélála búra?"

"Màmá, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ lẹ ní ẹ kò ní tẹ ibí mọ́. Wọn kò tíì yọ."

Ọmọ́ṣọlá dìde, ó lọ gbé omi kaná. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, Fẹ́yìsayọ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá: "Ẹ gbóná, ẹ gbóná, ẹ̀yin ọmọ ejò. Ẹ wo ohun tí ẹ fi àgbàlagbà ṣe." Godspower náà ń gbé kẹrosíìnì wá. Kò wọlé o, ẹnu ọ̀nà ló ń gbé e kalẹ̀ sí, á sì sáré padà. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó lórí ẹní, ohun kan ló ń tọrọ. Kí ẹyọ kan ṣáà yọ. Bí ẹyọ kan bá yọ, irọ́ tó pa fún ọkọ rẹ̀ kò pa nǹkan lára.

Ọjọ́ méje pé, kò sí èyí tó yọ. Òórùn kúlà náà ti ń yí padà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Tíṣà Kọ́lájọ, ó fi abẹ la ẹyin kan. Àwọn ará àdúgbò kún yàrá, àwọn mìíràn ti ń pọ́n ẹnu sílẹ̀ de yẹ̀yẹ́. Nínú ẹyin náà, ọmọ òjòlá kan ká jọ. Ó ní orí, ó ní ojú, àmì ara rẹ̀ ti hàn ketekete. Kò mí. Tíṣà la èkejì, ó la ẹ̀kẹta, títí wọ́n fi pé mọ́kàndínlógún. Bákan náà ni gbogbo wọn rí.

"Iṣẹ́ bàbá kò lábùkù," ni Tíṣà wí. "Wọ́n ti pé. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù. Òtútù ló mú wọn."

Kò sẹ́ni tó ṣe yẹ̀yẹ́. Godspower wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣí fìlà. Bí wọ́n ti ń jáde, olúkúlùkù ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ó mà ṣe é o."

Fẹ́yìsayọ̀ gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ kúlà. Ìgbà tó sọ pé wọ́n ti kú, wọ́n wà láàyè. Ìgbà tó ń tọrọ ẹ̀mí wọn, wọ́n ti kú. "Bàbá Happiness, ẹ̀yin lẹ jàre," ó wí. Ó wá yíjú sí Ọmọ́ṣọlá. "Màmá, n kò pààrọ̀ omi náà. Bàbá Happiness bi mí nínú ọkọ̀, mo purọ́ fún wọn. Irọ́ ni wọ́n gbé lọ."

Ọmọ́ṣọlá jókòó tì í. "Ọgbọ̀n ọdún ni Kòkúmọ́ fi bá ọ gbé, ìyàwó mi. Ó mọ ìgbà tí o bá ń purọ́. Ṣé o fẹ́ fi ọkọ rẹ sílẹ̀ nínú ìrora kí o máa lọ se omi fún ejò ni? Ká ní o ṣe bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ni ìbá kọ́kọ́ bínú sí ọ."

Fẹ́yìsayọ̀ nu ojú, ó wò ó. "Màmá. Bàbá Happiness tí a jọ mọ̀ yìí?"

Ọmọ́ṣọlá ronú díẹ̀. "Rárá," ó wí. "Inú rẹ̀ ìbá dùn. Ìbá tún ní kí Godspower dúró dè ọ́."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n rín in, wọ́n di ara wọn mú, wọn kò sì mọ ìgbà tí ó di ẹkún. Wọ́n sun ún tẹ́rùn, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.