Pósí Tí Ìyá Mi Ní N Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kú níṣojú ìyá mi, inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ifọ̀ ni. Ẹgbẹ́ òṣèré wa ló wá ṣeré níbẹ̀, èmi sì ni ọba tí wọ́n fún ní májèlé jẹ. Mo ṣubú, wọ́n fi aṣọ funfun bò mí lójú, àwọn olorì mi ń sunkún. Àfi bí ìyá mi ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì, tó gun orí ìtàgé wá, tó sì ṣí aṣọ kúrò lójú mi. Ó ní, "Dìde ńbẹ̀." Mo dìde. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí, eré sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí a délé, kò jà. Ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà láyé, n kò gbọdọ̀ wọ pósí.

"Ọmọ ní í sin ìyá. Má fi òdìkejì rẹ̀ ṣeré."

Mo ṣèlérí fún un.

Ìlérí ọ̀hún rọrùn lẹ́nu. Ìgbà tí a kúrò lórí ìtàgé bọ́ sídìí fíìmù ni mo rí i pé bàbá olówó inú fíìmù kì í pẹ́ kú, wọn a sì tẹ́ ẹ sínú pósí kí gbogbo ayé rí i. Bí mo bá ti ní n kò wọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé ipa náà fún. Ẹnì kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ní Àgbàdo kú, ó tún kú, títí àwòrán rẹ̀ fi kún ara ògiri Mowe. Èmi ni lọ́yà tí ń ka ìwé ìpíngún. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń pín ogún àwọn ẹgbẹ́ mi. N kò ní purọ́, ó dùn mí, mo sì máa ń bínú sí ìyá mi nígbà mìíràn tí a bá jọ jókòó tí à ń jẹun. Kò mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó darúgbó kú, a sì sin ín sí Ifọ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí olùdarí fíìmù kan fi pè mí láti Mowe. Ó kọ́kọ́ kí mi kú ará fẹ́ra kù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ròòlù bàbá olówó kan wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ẹ lè ṣe é báyìí."

Mo gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yìn ilé kan ní Ibafo ni a ti yà á. Àṣà wa ni pé kí òṣèré tó wọ pósí, ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ a bi í bóyá òbí rẹ̀ wà láyé, a sì ṣàdúrà fún un. Bàbá tí ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ló bi mí.

"Ṣé ìyá ẹ ṣì wà?"

"Rárá, sà."

Mo sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tí mo há sórí. Ó ní màá pẹ́ láyé, mo ṣe àmín, mo wọ inú pósí, wọ́n fi aṣọ funfun bò mí lójú. Mo séèémí. Àwọn tí ń sunkún bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí olùdarí ní kí wọ́n dúró, nítorí aṣọ ojú mi ti tutù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òkú kì í sunkún."

A tún un ṣe. Ó tún tutù.

Mo kàn sùn síbẹ̀, mo ń retí kí ẹnì kan dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọbìnrin tí ń kun wá lójú ló wá ṣí aṣọ náà, pàùdà wà lọ́wọ́ rẹ̀.