Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Ràfíù Dojú Dé

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì, Ràfíù àti Bísí, wa ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ẹlẹ́nìkan, kálukú nínú tirẹ̀, lórí odò Ògùn, nítòsí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ràfíù mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Èmi náà ti wà á rí. Bísí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Láti àárọ̀ ni ara mi kò ti balẹ̀. Bí a ti dé ibi tí omi ti ń hó láàrin àpáta, ọkọ̀ Ràfíù dojú dé, òun fúnra rẹ̀ kò sì yọjú. Bísí wa ọkọ̀ tirẹ̀ kọjá mi, ó gbá ẹ̀wù Ràfíù mú, ó fà á títí orí rẹ̀ fi yọ.

“Ṣé ẹ̀rù kò bà ọ́ ni?” Mo bi Bísí nígbà tí a gúnlẹ̀.

“Ó bà mí. N kò kàn rí ẹlòmíràn tó ń lọ ni.”

Èmi ni mo sún mọ́ Ràfíù jù nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé.